Ta Ló Ka Lẹ́tà Náà? Ìwé Ben Barres àti Ibi Iṣẹ́ Tó Gbà Á

Ìtàn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa Ben Barres, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọpọlọ tó kọ́ni ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin nígbà tó lọ ṣe sẹ́mínà kan. Bó ṣe parí, wọ́n gbọ́ tí olùkọ́ kan ń yìn ín, pé sẹ́mínà Ben tòní yìí dára gan-an, pé àmọ́ ṣá, iṣẹ́ rẹ̀ ti dáa ju ti arábìnrin rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Arábìnrin wo? Ben fúnra rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí olùkọ́ yẹn ti mọ̀ lábẹ́ orúkọ obìnrin, òun náà ló tún gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin. Orí kan náà ló rò ó, ọwọ́ kan náà ló ṣe é.

Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ sọ ìtàn yìí fún ọ̀rẹ́ yín ní Yorùbá. "Iṣẹ́ rẹ̀ dáa ju ti àbúrò rẹ̀ lọ." Ẹni tó ń gbọ́ ọ á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Àbúrò lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. "Rẹ̀" ò sọ nǹkan kan, "ó" ò sọ nǹkan kan. Àfi ká fi "obìnrin" há àárín gbólóhùn náà kí ẹ̀gún inú rẹ̀ tó gún èèyàn. Àwa tí èdè wa kì í yẹ abẹ́ aṣọ wò kó tó pe èèyàn ní "ó", ó yẹ kí irú ìtàn báyìí ṣàjèjì sí wa. Ṣé ó wá ṣàjèjì lóòótọ́? A máa dé ibẹ̀.

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni The Autobiography of a Transgender Scientist, tí MIT Press tẹ̀ jáde ní 2018. Ben ò fojú rí i. Jẹjẹrẹ pancreas ló pa á ní December 2017, lẹ́ni ọdún 63. Ó kọ ìwé náà nígbà tó ti mọ̀ pé ọjọ́ òun ò pọ̀ mọ́, ó sì hàn lójú ewé rẹ̀: kò sí àbùmọ́, gbólóhùn rẹ̀ ń yára, ó ń sọ tẹnu rẹ̀, ó ń kọjá lọ. Transgender, fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá rú lójú, ni ẹni tí wọ́n kọ "ọkùnrin" tàbí "obìnrin" sínú ìwé ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ yẹn kọ́ ni òun. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, torí èyí tí wọ́n ń pè wọ́n nígboro wa, èébú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó bá ka ìwé yìí ló ń yin Ben fún ìgboyà. Ìgboyà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ìgboyà kì í sanwó oṣù. Lójú tiwa, ohun tó níye lórí jù nínú ìwé yìí wà lọ́dọ̀ àwọn tí Ben kọ lẹ́tà sí, àti nínú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbà ṣe ọ̀gá fún àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí òǹkàwé sì máa ń fò nìyẹn.

Apá mẹ́ta ni ìwé náà: ìgbésí ayé rẹ̀, sáyẹ́ǹsì rẹ̀, àti ìjà tó jà fún àwọn ẹlòmíì. Apá kìíní ló rọrùn láti sọ. Wọ́n bí i ní New Jersey ní 1954. Láti kékeré ló ti ń wù ú kó di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé náà. A ò ní í kọ ọ́ síbí, torí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ò nílò rẹ̀ kó tó yéni. Ó wọ MIT, níbi tí obìnrin ò ti pọ̀ nígbà náà. Nínú kíláàsì ńlá kan, olùkọ́ fún wọn ní ìṣirò kan tó le bí ojú ẹja. Òun nìkan ló rí i yanjú. Olùkọ́ ní ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ló máa ti bá a ṣe é. Ohun tó jọ wá lójú ni pé inú bí i nígbà yẹn torí wọ́n pè é ní oníjìbìtì. Kò sọ sí i lọ́kàn rárá pé torí òun jẹ́ obìnrin lójú wọn ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó yé e. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Harvard, nígbà tó du owó ìwádìí kan pẹ̀lú ọkùnrin kan. Àpilẹ̀kọ pàtàkì mẹ́fà lòun ti tẹ̀ jáde, ọkùnrin yẹn ní ẹyọ kan. Ọ̀gá kan níbẹ̀ tó ti ka ìwé àwọn méjèèjì fi dá a lójú pé tirẹ̀ ló dáa jù. Ọkùnrin yẹn ni wọ́n fún.

Ní 1993 ló dé Stanford gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, tó ní láàbù tirẹ̀. Nígbà tó tó ẹni ogójì ọdún tàbí bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ọmú mú un, àrùn tó ti pa ìyá rẹ̀. Nígbà tí dókítà fẹ́ gé ọmú kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gé èkejì mọ́ ọn. Ìtura ló bá a, níbi tí ẹlòmíì ti máa ń sunkún. Lẹ́yìn náà, ní 1997, ó rí àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn San Francisco nípa ọkùnrin transgender kan. Gbogbo ohun tó ti ń dà á láàmú láti kékeré, tí kò rí orúkọ fún, ló bá lójú ewé yẹn. Àwa tó fi íntánẹ́ẹ̀tì dàgbà lè máà mọ bó ṣe rí, pé kéèyàn lé lógójì ọdún kó tó mọ̀ pé irú òun wà láyé.

Ibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́, ó ṣàlàyé pé òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin, pé Ben lòun á máa jẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ó rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ti fọwọ́ ara òun pa iṣẹ́ òun nìyẹn: ta ló máa pè é wá sí sẹ́mínà mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú láàbù rẹ̀? Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ gbà á. Láàbù ń bá iṣẹ́ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, owó ìwádìí ń wọlé. Ní 2008 wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka rẹ̀, ní 2013 ó wọ National Academy of Sciences, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí transgender.

A fẹ́ kí ìwé náà pẹ́ jù báyẹn lọ níbi lẹ́tà yìí. Torí lẹ́tà tó jọ ọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yọrí sí rere.

Aimee Stephens ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìsìnkú kan ní Michigan. Òun ló máa ń tún òkú ṣe, tó máa ń bá àwọn ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti lo bí ọdún mẹ́fà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ dán mọ́rán. Ní 2013 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé obìnrin lòun, pé bí òun bá ti ìsinmi dé, aṣọ obìnrin lòun á máa wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi lé e kúrò. Wọ́n fẹ́ fún un lówó díẹ̀ kó lè panu mọ́, ó kọ̀ ọ́. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà. Ní June 15, 2020, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án sọ pé kò bófin mu kí wọ́n lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó jẹ́ transgender. Aimee ò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ó ti kú ní May 12, oṣù kan ó lé díẹ̀ ṣáájú.

Ẹ fi lẹ́tà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgboyà ẹni tó kọ èkejì ò kéré sí ti ẹni tó kọ ìkíní. Ká sọ tòótọ́, ó tún lè jù ú lọ, torí kò ní láàbù, kò sì sí lára àwọn tí ayé ń kí ní dókítà. Ohun tó yàtọ̀ ni ọwọ́ tí lẹ́tà bọ́ sí. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ti mọ iye Ben lẹ́nu iṣẹ́, èkejì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́kun.

Ìyàtọ̀ kejì wà, òun la sì fẹ́ bá ìwé Ben wí lé lórí. Ben kúrò níbi tí ayé ń rẹ èèyàn sílẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn ga. Òun náà mọ̀. Ó kọ ọ́ pé láti ìgbà tí òun ti di Ben, àwọn tí kò mọ ìtàn òun túbọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún òun, pé òun tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ dópin láìsí ọkùnrin tó máa já a gbà lẹ́nu òun. Ó lo ìyẹn dáadáa bí ẹ̀rí fún àwọn obìnrin. Ta ni tún lè jẹ́ ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti jókòó sórí àga méjèèjì? Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ọ̀nà kejì wá ńkọ́, àwọn tí ayé kà sí ọkùnrin tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì wá ń gbé gẹ́gẹ́ bí obìnrin? Ìwé náà ò dúró tì wọ́n tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tó jọ tirẹ̀ gan-an, ẹnì kan wà tí ìtàn rẹ̀ ì bá gbà wá lójú ewé díẹ̀.

Lynn Conway la ń sọ. IBM gbà á síṣẹ́ ní 1964, ó sì wà lára àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fẹ́ kó yára ju gbogbo èyí tó wà láyé lọ. Ọgbọ́n tó dá níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa ṣe iṣẹ́ mélòó kan pa pọ̀ láìdúró de ìtẹ̀léra wọn, kì í ṣe ohun kékeré. Ní 1968, nígbà tí àwọn ọ̀gá gbọ́ pé ó fẹ́ yí padà sí obìnrin, wọ́n lé e. Kò ní lẹ́tà tó lè kọ. Orúkọ tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, torí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lòun ṣe iṣẹ́ ti IBM yẹn. Ó dé Xerox PARC ní 1973. Ní 1980, òun àti Carver Mead gbé ìwé kan jáde tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ya chip tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan nínú. Ẹ̀yin tó ń ka èyí lórí fóònù, ẹ jẹ ìwé yẹn ní gbèsè. Ó tó bí ọgbọ̀n ọdún tó fi pa ẹnu mọ́, kó tó jáde sí gbangba nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún kejì ń parí lọ. Ní 2020, IBM tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjìléláàádọ́ta! Ó kú ní June 2024.

Ẹ kíyè sí ohun tí IBM pàdánù. Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú ohun tó wà lórí rẹ̀, ó lọ fi ohun náà ṣe ẹlòmíì lóore. Àwọn tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ tó gba gbogbo èèyàn mọ́ra jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú, ẹ ní kí wọ́n lọ bi IBM.

Ní báyìí, apá kejì ìwé Ben, èyí tí gbogbo èèyàn ń fò. Sẹ́ẹ̀lì ló kún ibẹ̀. Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ síra wọn làwọn onímọ̀ ń lé kiri láti ìgbà pípẹ́. Àwọn yòókù tó yí wọn ká, "glia" ni wọ́n pè wọ́n, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àtè tàbí gúlúù, bí ẹni pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa di ọpọlọ mú kó má baà tú. Ben lo ayé rẹ̀ lórí wọn. Ohun tí òun àti àwọn ọmọ láàbù rẹ̀ rí ni pé bí a bá yọ ọ̀kan lára irú wọn, astrocyte, kúrò, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn ò ní í lè so mọ́ra wọn dáadáa. Àwọn tí wọ́n kà sí ẹrù ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá.

A mọ̀ pé ó ń wu òǹkàwé kó sọ èyí di àkàwé kíá. Ẹ sùúrù. Ohun tó gbà wá lọ́kàn ju sẹ́ẹ̀lì lọ ni bí Ben ṣe ń ròyìn. Kì í sọ pé "mo rí i pé". Orúkọ ló máa ń dá: lágbájá ló wá pẹ̀lú ìbéèrè yìí, tàmẹ̀dò ló rí ọ̀nà tí a fi lè yọ sẹ́ẹ̀lì yẹn sọ́tọ̀. Ewé lórí ewé, orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ̀. Ẹni tó ń kú lọ, tó mọ̀ pé àyè ò sí mọ́, orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń kún ìwé ìtàn ara rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lóde. Nínú iṣẹ́ wọn, ó wọ́pọ̀ kí ọ̀gá sọ fún ẹni tó fẹ́ lọ dá láàbù tirẹ̀ sílẹ̀ pé kó fi iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀. Ben máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé e dání lọ. Ní 2017, ọdún tó kú, ó kọ àpilẹ̀kọ sínú Nature láti bẹ àwọn ọ̀gá yòókù pé kí wọ́n yé dínà fún ọmọ iṣẹ́ wọn. Àwa tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ ọlọ́mọ, a mọ iye tí èyí jẹ́.

Apá kẹta, ìjà rẹ̀, dùn ún kà ṣùgbọ́n ó dà bí ìwé ẹjọ́ nígbà míì. Ní January 2005, Lawrence Summers, ààrẹ Harvard nígbà náà, sọ níbi ìpàdé kan pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àbínibí wà lára ohun tí obìnrin ò fi pọ̀ lókè pátápátá nínú sáyẹ́ǹsì. Nancy Hopkins, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, dìde ó jáde. Ben dáhùn nínú Nature ní 2006 pẹ̀lú àpilẹ̀kọ kan tó fi ìtàn ara rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ti dá ẹ̀bùn owó ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pioneer Award. Ní 2004, ọdún àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́sàn-án ló gbà á, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ben ò lọ kọrin ẹ̀hónú. Ó lọ ń bèèrè àwọn tó yan àwọn adájọ́, bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wá du ẹ̀bùn náà, ohun tí wọ́n kọ sínú ìpè. Wọ́n yí i padà, obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Hopkins yìí kan náà ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé Ben, kò sì yà wá lẹ́nu. Ní MIT, nígbà tí wọ́n ń sọ fún un pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín àyè tí wọ́n fún ọkùnrin àti obìnrin, téèpù ló mú, ló ń wọn ilẹ̀ láàbù láti yàrá dé yàrá. Ìròyìn tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ní 1999 mú kí MIT gbà pé òótọ́ ni. A fẹ́ràn obìnrin tó ní téèpù lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí "ó".

Àwa ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn láti máa sọ pé Yorùbá ò fi arọ́pò-orúkọ ya akọ sọ́tọ̀ sí abo, nítorí náà ojú àwọn baba wa ti là ju ti òyìnbó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ni wọ́n la ọ̀nà yẹn nínú The Invention of Women, tó jáde ní 1997, ọdún kan náà tí Ben di Ben. Wọ́n ní ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ta ló ṣáájú ta ló kẹ́yìn ni wọ́n fi ń to ilé, wọn ò fi ara èèyàn tò ó. (Ẹ rí i pé "wọ́n" tí a fi bọ̀wọ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n yìí gan-an ò sọ bóyá ọkùnrin ni wọ́n tàbí obìnrin, ipò ló ń sọ.) Ìyàwó tó bá wọlé ọkọ á máa pe ọmọbìnrin kékeré tó bá nínú ilé ní "ọkọ mi". Adóṣù Ṣàngó tó jẹ́ ọkùnrin á dirun bí ìyàwó tuntun. Títí dé Cuba, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìsìn òrìṣà, ì báà jẹ́ ọkùnrin, iyawó ni wọ́n ń pè é. Ní Brazil wọ́n ń pè é ní iaô.

Ohun tó dára ni gbogbo èyí, kò sì yẹ ká jẹ́ kó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé adóṣù Ṣàngó wọ ọ́fíìsì. Ìyàwó òrìṣà kì í ṣe transgender, ọkọ tó jẹ́ obìnrin náà kì í ṣe é. Àṣà ló fún àwọn yẹn láyè, gbogbo ilé ló sì mọ ibi tí àyè náà parí sí. Ọ̀rọ̀ Ben yàtọ̀: ẹnì kan ló dìde, ó sọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n pé ohun tí ẹ mọ̀ mí sí tẹ́lẹ̀ kọ́ ni mí. Nígbà tí irú ìyẹn bá dé, "ó" ò lè ṣe nǹkan kan. Ọ́fíìsì wa ò bẹ̀rẹ̀ látorí "ó" rárá. Àǹtí, Bọ̀dá, Mọ̀mí, Dádì, ìyàwó wa ló fi ń pe èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tí ẹnu wa ò bá mọ èyí tó máa pè é, a ò ní í dákẹ́. A máa rẹ́rìn-ín músẹ́ fún un, bó bá ti kọjá báyìí, a máa bi ara wa léèrè.

Fọ́ọ̀mù tún wà. Orúkọ tó wà lórí WAEC, ti orí NIN, ti orí BVN, bí wọn ò bá bára mu, owó oṣù á há sí bánkì. Ibí yìí la ti rẹ́rìn-ín nígbà tí a ka ìwé Ben tán, torí orúkọ yíyí padà kì í ṣe ìṣòro fún ọ́fíìsì Nàìjíríà! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọbìnrin ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ó gba ìwé ìbúra ní kóòtù, ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé èmi tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí Omidan báyìí-báyìí ti di Ìyáàfin báyìí-báyìí, gbogbo ìwé mi àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó gbé e lọ fún àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, wọ́n yí i padà lórí káàdì, lórí í-meèlì, lórí ìwé owó oṣù. Wọ́n tún kí i kú oríire. Gbogbo irinṣẹ́ tí ọ́fíìsì nílò láti fi gba Ben wọlé ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tipẹ́.

A ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ kọ lẹ́tà lọ́la o. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2014 lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó náà, ọdún 10 sì wà fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Òfin náà ò dárúkọ transgender, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ halẹ̀ mọ́ èèyàn nígboro kì í kọ́kọ́ ṣí ìwé òfin wò. Nínú ìwé òfin 1999, abala 42 sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlú tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kò dárúkọ transgender. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó tó bá pa ẹnu mọ́ bí Lynn Conway ṣe pa á mọ́, àwa ò ní í pè é ní ojo. Ìwé Ben, nítorí pé ibi tó dáa ni lẹ́tà tirẹ̀ bọ́ sí, lè mú kí òǹkàwé gbàgbé pé kíkọ lẹ́tà nìkan ò dá ẹnikẹ́ni lójú.

Àwọn tí lẹ́tà irú èyí lè bọ́ sí lọ́wọ́ ló yẹ kó ka ìwé náà, ìyẹn ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan. Tí ẹ bá ń gba ìmọ̀ràn wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì. Ẹ fo àlàyé sẹ́ẹ̀lì tó bá le jù, kí ẹ máa ka àwọn orúkọ.